Bẹ́ẹ̀dì Tíńtín

Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Tíńtín nígbà tí wọ́n gbé e lé alágbàfọ̀ lọ́wọ́, láti ọjọ́ náà kò sì tíì sí oorun kan tó sùn láìfi ẹsẹ̀ kan há sáàárín ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Bí alágbàfọ̀ bá kọjú sí ògiri, ọmọ a lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, a ti imú bọ̀ ọ́ láàárín èjìká méjèèjì, a wá máa mí èémí gbígbóná sí i lára bí áyọ́ọ̀nù kékeré. Bó bá yíjú padà, ọmọ a wọ abẹ́ apá rẹ̀. Nígbà mìíràn alágbàfọ̀ a jí láàárọ̀, a rí i pé etí bẹ́ẹ̀dì ni òun rọ̀ sí, tí ọmọ tí kò tó nǹkan ti na apá, ó ti na ẹsẹ̀, bí onílé.

"Ta ló ni bẹ́ẹ̀dì yìí gan-an?" ni yóò wí.

Ọmọ a ní, "Àwa ni."

Àbúrò kan ṣoṣo tí alágbàfọ̀ ní ló bí Tíńtín. Ó bí i tán, ó wo ojú rẹ̀, ó ní ó kéré bí ọmọ eku, ó rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti kú. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì káàkiri, ló fi táwẹ̀lì wé ọmọ náà, tó gbé e wá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ojú tó ti wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbà á. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń di ọmọ tuntun mú."

Alágbàfọ̀ nawọ́, ó gbà á. Òun náà ti gbé ilé ọkọ rí, ọdún méje gbáko, kò gbé ọmọ kankan jáde níbẹ̀. Ikú tó mú àbúrò rẹ̀ lọ ló wá fún un lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé dúpẹ́, kò sì ṣeé bínú sí. Ó kàn ń tọ́ ọmọ náà ni.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló sì ń lọ̀ níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá ìfọṣọ wà, kò ní fèrèsé, ooru ibẹ̀ sì lè hó omi. Ẹ̀rọ méjì ń fọ̀, ẹ̀rọ kan ń mú un gbẹ, àwọn obìnrin mẹ́fà a wá máa lọ̀ ọ́, a máa ká a ní méjì-méjì: ọ̀kan á di etí aṣọ mú níhìn-ín, èkejì á dì í mú lọ́hùn-ún, wọ́n á rìn pàdé ara wọn bí ẹni tó fẹ́ jó. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé ó lè fọwọ́ pa aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, kí ó sọ fún ọ pé ẹni tó lò ó kò sùn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, a fi ọwọ́ tó ń ta sánsán ọṣẹ lọ gba Tíńtín lọ́wọ́ ìyàwó káfíńtà nísàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé, àwọn méjèèjì a wá máa ka àtẹ̀gùn lọ sókè, sí yàrá méjì tí wọ́n háyà.

Ká má purọ́ mọ́ awakọ̀, kò sá fún ọmọ rẹ̀. Oṣooṣù ló ń wá, pẹ̀lú mílíìkì, pẹ̀lú bàtà tí kì í bá ẹsẹ̀ ọmọ mu rárá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sunday kan, òun nìkan kọ́ ló wá. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bá a wá, nọ́ọ̀sì kan tí ohùn rẹ̀ tutù, tó kúnlẹ̀ kí alágbàfọ̀ tí kò sì tètè dìde.

"Màmá, a dúpẹ́ gbogbo ohun tí ẹ ṣe," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ohun tí a bá wá bí yín nínú."

Awakọ̀ ń yí fìlà lọ́wọ́. "A ti rílé, Ẹ̀gbọ́n. Yàrá mẹ́ta. Mo fẹ́ mú ọmọ mi sọ́dọ̀, kó tó di pé ẹni tó ń gbé bàtà wá nìkan ló máa mọ̀ mí sí. Oṣù méjì sí i ni ilé ẹ̀kọ́ máa wọlé."

Alágbàfọ̀ wolẹ̀. Wọ́n ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òun ti ń wo èyí láti òkèèrè fún ọdún mẹ́rin ààbọ̀, ó sì gún un lójú náà ni.

"Ó ku nǹkan kan," ni nọ́ọ̀sì wí. "Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, bàbá rẹ̀ sì máa ń wà lójú títì. Màmá mi ni yóò máa wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò lè máa sùn tì í. Bó bá wá dé ilé tí kò mọ̀, tó tún jẹ́ pé ẹkún ló ń fi sùn..." Ó fọwọ́ kan orúnkún alágbàfọ̀. "Ẹ bá wa kọ́ ọ kó mọ̀ ọ́n sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, Màmá. Ọwọ́ yín ló máa ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù."

Ì bá ṣe pé obìnrin náà burú ni, alágbàfọ̀ ì bá rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ, omi sì ti lé sí i lójú bó ṣe ń sọ ọ́.

"Mo gbọ́," ni alágbàfọ̀ wí. "Màá kọ́ ọ. Ẹ má tíì sọ fún un. Èmi ni màá sọ."

Káfíńtà ìsàlẹ̀ ilé ló kan bẹ́ẹ̀dì náà. Bàbá arúgbó ni, ẹnu rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Nígbà tó gbé e gòkè dé tán, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbá pákó náà lójú. "Bẹ́ẹ̀dì tèmi kì í han. Ẹni tó bá sùn lórí ẹ̀ tó gbọ́ kó-kó-kó, kó lọ wo dókítà, egungun ara rẹ̀ ló gbọ́."

Tíńtín yí bẹ́ẹ̀dì náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ta ló máa sùn níbí?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹsẹ̀ yín máa yọ síta."

"Èmi á máa sùn lórí tèmi."

Ọmọ náà wo bẹ́ẹ̀dì ńlá, ó wo kékeré, ó wá wo alágbàfọ̀ bí ẹni tí wọ́n pa àlọ́ fún tí wọn ò sọ ìdí rẹ̀. "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Káfíńtà kó ìṣó tó kù sápò. Ó mú òòlù rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Obìnrin tí alágbàfọ̀ máa ń bá ká aṣọ níbi iṣẹ́ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n tó fi ṣe é. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe obìnrin náà, ọmọ márùn-ún ló bí, ó sì lé gbogbo wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Má fi alẹ́ bẹ̀rẹ̀," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, bí wọ́n ṣe ń na aṣọ funfun kan láàárín ara wọn. "Oorun ọ̀sán ni kó o kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Ọ̀sán ò lẹ́rù nínú. Gbé àpótí tì í, jókòó, fọwọ́ lé e lẹ́yìn, má sọ̀rọ̀. Bó bá mọ́ ọn lára, gbọ́wọ́ kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, máa sún àpótí sẹ́yìn, títí wàá fi bá ara ẹ lẹ́nu ọ̀nà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."

"Ẹlẹ́dẹ̀ tìrẹ ń wọlé ni," ni alágbàfọ̀ dá a lóhùn. "Tèmi ń fẹ̀yìn rìn jáde."

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú alágbàfọ̀, ó nawọ́ mú aṣọ mìíràn.

Ọ̀sán Sunday ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ náà ni alágbàfọ̀ kì í lọ síbi iṣẹ́, ó sì ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Ó fa kọ́tìnì bo fèrèsé, ó tẹ́ Tíńtín sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó jókòó lórí àpótí. Ọmọ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Alágbàfọ̀ kò gbé e, kò sì lọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọmọ náà, ọwọ́ kejì ló fi di àpótí mú kí òun má bàa dìde. Nígbà tó yá, ọmọ sùn, ó ń fa èémí ẹkún lójú oorun. Ní ọjọ́ kejì, ẹkún náà kéré. Ní ọjọ́ kẹrin, kò sunkún, ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

"Màámi."

"Sùn."

"Tí mo bá sùn, ta ló máa mọ̀ tí ẹ bá lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan."

"Láéláé?"

"Èmi? Mi ò lọ síbì kankan láéláé."

Òótọ́ ni, kò parọ́. Òun kọ́ ni ẹni tó ń lọ. Ó jókòó síbẹ̀, òótọ́ náà sì ń jó o nínú bí ata.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àpótí fi rìn láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé àárín ilé, láti àárín ilé dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fi alẹ́ kún ọ̀sán. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kékeré lọ sí yàrá kejì, Tíńtín sì ń fi í yangàn fún ìyàwó káfíńtà pé, "Mo ní yàrá. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn o." Ní alẹ́ ọjọ́ kan, alágbàfọ̀ kò jókòó rárá. Ó fi aṣọ bò ó, ó ní ó dàárọ̀, ó jáde. Ó ń retí ẹkún. Ó fọ abọ́, ó ń retí ẹkún. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó yọ́ wọlé lọ wò ó. Ọmọ ti sùn fọnfọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè. Ó ti mọ̀ ọ́n.

Alágbàfọ̀ padà sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Ó yíjú padà, abẹ́ apá rẹ̀ ṣófo. Ó rò ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó dìde, ó lọ gbé ọmọ náà jẹ́jẹ́, ó gbé e wá, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Ọmọ kò jí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé sáàárín ẹsẹ̀ obìnrin náà fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ó mọ ọ̀nà.

Láàárọ̀, Tíńtín la ojú, ó wo ògiri, ó wo òrùlé. "Màámi, ibí ni mo tún wà?"

Alágbàfọ̀ fa aṣọ bo èjìká rẹ̀. "Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sì ti sùn níbẹ̀! Mo ti sùn níbẹ̀ tán!" Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹsẹ̀ yìí ni. Ẹsẹ̀ yìí ò gbọ́ràn!"

Ó yẹ kí alágbàfọ̀ sọ̀rọ̀ níjọ́ náà. Kò sọ ọ́. Ó di ọwọ́ ọmọ mú, ó ní kò burú, ó lọ po tíì. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó tún lọ gbé e. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣe é. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń búra fún ara rẹ̀ pé èyí ló kẹ́yìn, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ọmọ sì ń jí, tó ń fọwọ́ gbá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, alágbàfọ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá Tíńtín lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré. Ó ti lọ tọrọ okùn lọ́wọ́ káfíńtà, ó sì ti wé e mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lọ́nà tó wọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ bá mi so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì, Màámi. Kí n má bàa rìn lóru mọ́. Ẹ so ó kó le."

Alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun ti báàgì lọ́rùn. Ó tú okùn náà.

"Ẹsẹ̀ ẹ kọ́," ni ó wí. "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹsẹ̀ ẹ ò ṣe nǹkan kan. O ò rìn rí. Èmi ni mò ń gbé ẹ."

Ọmọ náà wò ó. "Ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ìwọ ti mọ̀ ọ́n sùn. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n."

Inú Tíńtín kò bà jẹ́, ìyẹn gan-an ló wá ń dun alágbàfọ̀. Ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú obìnrin náà, gẹ́gẹ́ bí obìnrin náà ṣe máa ń nu tirẹ̀. "Ẹ má sunkún. Mi ò ní bínú. Màá kọ́ yín."

Nígbà tí Sunday dé, Tíńtín fà á lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ńlá ní ọ̀sán gangan, ó fa kọ́tìnì bo fèrèsé, ó gbé àpótí wá, ó jókòó. Ó fọwọ́ lé e lẹ́yìn. "Ẹ má sọ̀rọ̀ o. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀, oorun á lọ."

Alágbàfọ̀ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kí ọmọ má bàa rí ojú rẹ̀. Láti ibi tó wà yẹn ló ti sọ fún un. Ó ní bàbá rẹ̀ ti rílé. Ó ní yàrá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, fèrèsé wà níbẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ń bọ̀?"

"Rárá."

Ọwọ́ kékeré náà kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró gan-an. "Mo lè padà wá tí mi ò bá fẹ́ mọ́?"

"Wàá máa wá nígbà ọlidé."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Nígbà tó yá, alágbàfọ̀ gbọ́ tí àpótí sún sẹ́yìn díẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá mú un, ohun gbogbo ti wà nínú àpò kan: aṣọ, bàtà tó wá ń bá a mu díẹ̀díẹ̀, kóòmù. Alágbàfọ̀ ti lọ aṣọ kọ̀ọ̀kan débi pé àmì ìká wọn lè gé èèyàn lọ́wọ́. Tíńtín sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wọ mọ́tò fúnra rẹ̀. Àfi ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́tò ni ó tó yé e pé ẹ̀gbẹ́ kan ni òun wà, tí Màámi rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Igbe tó ké, káfíńtà ju ayùn sílẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu gíláàsì, ó ń ké pé òun kò fẹ́ yàrá, òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun kò mọ̀ ọ́n sùn, irọ́ ni òun pa, òun kò mọ̀ ọ́n sùn rárá.

Nọ́ọ̀sì ń sunkún níwájú. Awakọ̀ wo alágbàfọ̀, bí ẹni tó ń tọrọ àṣẹ.

"Máa lọ," ni alágbàfọ̀ wí. "Má dúró. Bó o bá dúró, ó ti tán."

Ó dúró lójú ọ̀nà títí mọ́tò fi yà. Ìyàwó káfíńtà wá di apá rẹ̀ mú. Ní agogo méjì ọ̀sán, ó ti wà níbi iṣẹ́, ó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú Ẹlẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún níbi iṣẹ́. Awakọ̀ ni, ohùn rẹ̀ ń dùn bí ti ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ó sùn! Láti agogo mẹ́jọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́ ọ dáadáa o."

"A dúpẹ́," ni alágbàfọ̀ wí.

Ó dúpẹ́ lóòótọ́. Ìgbà tó dúpẹ́ tán ló lọ jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń fọṣọ, níbi tí ariwo pọ̀ sí, tó wá ké igbe tó yẹ kó ti ké lójú ọ̀nà.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí Tíńtín tó wá fún ọlidé. Ó ti ga, eyín rẹ̀ kan ti ń mì. Ó sáré fò mọ́ alágbàfọ̀ lọ́rùn, ó sọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́, ó jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, ó gun orí bẹ́ẹ̀dì kékeré láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Alágbàfọ̀ bò ó láṣọ. Ó kù díẹ̀ kó jáde nígbà tó gbọ́ pé ọmọ ń fọn imú.

"Kí ló ṣe ọ́?"

Ọmọ sọ ọ́ ní ohùn kékeré. "Mọ́mì máa ń sọ ìtàn fún mi nílé, ti adìyẹ tó ń wá bàtà. Mi ò mọ̀ ọ́n sùn láìgbọ́ ọ."

"Èmi lè sọ ìtàn adìyẹ fún ẹ."

Ó gbìyànjú. Adìyẹ tirẹ̀ lọ sí ọjà, ó ra bàtà, ó padà sílé. Tíńtín tẹ́tí sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Omi sì ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wọ inú etí.

Alágbàfọ̀ dìde, ó mú fóònù rẹ̀, ó pe nọ́ọ̀sì. Ó ṣàlàyé fún un ní gbólóhùn méjì. Ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi fóònù sí etí ọmọ náà, ó sì dì í mú síbẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn obìnrin kejì bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti inú ilé aládùúgbò: adìyẹ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, bàtà tó sọnù. Ojú ọmọ rọ̀, ó wúwo, ó pa dé. Apá alágbàfọ̀ ti kú, kò gbé e kúrò.

Ìtàn tán. Ohùn láti inú fóònù ní, "Màmá, ṣé ó ti sùn?"

"Ó ti sùn."

"Ẹ ṣé o, Màmá."

"Ìwọ ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ni alágbàfọ̀ wí. "Ó dàárọ̀, ìyá ọmọ."